Yíyan Ẹ̀rọ Ìfàdákọ̀ró fún Ọkọ̀ Apẹja Kékeré

Ní àgbègbè Òkè-Ògùn, àgbẹ̀ àti ahunṣọ pọ̀ ju apẹja lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dí Odò Ògùn ní Ìkẹ́rẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, iṣẹ́ ẹja pípa ti di ohun tí àwọn ènìyàn kan fi ń bọ́ ìdílé wọn ní àyíká ibẹ̀. Odò Ògùn ṣẹ̀ láti àwọn òkè tí ó wà ní ìhà Ṣakí, ó sì ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù títí ó fi dé ọ̀sà Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìdídò náà, a sì ṣètò pé kí adágún tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gba omi tí ó tó 690 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì. Èpìyà àti àrọ̀ wà lára ẹja tí à ń pa nínú rẹ̀.

Adágún tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe odò kékeré tí ènìyàn lè ki ọ̀pá bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ sì dúró. Atẹ́gùn ń fẹ́ gba orí omi kọjá, kò sì sí igi tàbí ilé tí yóò dá a lọ́wọ́ kọ́. Apẹja tí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí ojú kan kí ó lè ju ìwọ̀, tàbí kí ó lè yọ ẹja kúrò nínú àwọ̀n, kò lè ṣe aláìní ìdákọ̀ró. Bí ọkọ̀ bá sì ṣe ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdákọ̀ró ń wúwo sí i, tí ẹ̀yìn sì ń dun ẹni tí ń fà á. Nígbà náà ni ìbéèrè máa ń dìde pé: ṣé kí a ra ẹ̀rọ tí yóò máa fa ìdákọ̀ró sókè? Bí a ó bá sì rà á, irú èwo ni kí a rà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Ẹ̀rọ tí ó wúwo ju ọkọ̀ lọ lè tẹ iwájú ọkọ̀ sínú omi. Okùn ìdákọ̀ró tí a so mọ́ ibi tí kò yẹ lè mú kí omi kún inú ọkọ̀ kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣe àlàyé bí apẹja ṣe lè fi ìwọ̀n àti ìṣirò yan ẹ̀rọ tí ó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu, àti bí yóò ṣe mọ ìgbà tí kò nílò ẹ̀rọ rárá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ JẸ́

Ẹ̀rọ ìfàdákọ̀ró kì í ṣe ohun àjèjì pátápátá sí ará Òkè-Ògùn. Ẹni tí ó bá ti dúró wo ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ti rí ohun tí ó jọ ọ́. Òwú tí ó nà gbọọrọ níwájú ahunṣọ ni a so mọ́ ẹrù wúwo kan tí ó jókòó sórí ilẹ̀ ní ọ̀ọ́kán. Bí ahunṣọ ti ń hun, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ká aṣọ mọ́ igi tí ó wà níwájú rẹ̀, ẹrù náà a sì máa wọ́ díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ahunṣọ a máa dá igi náà dúró kí ó má baà yí padà, nítorí pé bí ó bá yí padà, gbogbo òwú yóò dẹ̀.

Bí ẹ̀rọ ìfàdákọ̀ró ti rí gan-an nìyí. Okùn ni ó dúró fún òwú, ìdákọ̀ró ni ó dúró fún ẹrù, àgbá tí okùn ń ká lé ni ó sì dúró fún igi. Ohun tí ń dá àgbá dúró ni irin kékeré kan tí ó máa ń bọ́ sáàárín eyín kẹ̀kẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní eyín ìdènà. Eyín ìdènà yìí a máa jẹ́ kí àgbá yí síwájú, kò sì ní jẹ́ kí ó yí padà sẹ́yìn.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Hero ará Alẹkisáńdíríà, ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní, kà á mọ́ àwọn irinṣẹ́ márùn-ún tí ènìyàn fi ń gbé ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Àṣírí rẹ̀ wà nínú gígùn ọwọ́ ẹ̀rọ. Bí ọwọ́ tí a fi ń yí i bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí ó sì jẹ́ pé láti àárín àgbá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, a jẹ́ pé ọwọ́ náà gùn ju àgbá lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Ẹrù tí ó wúwo tó kílò 60 yóò dàbí kílò 10 lọ́wọ́ ẹni tí ń yí i, àfi díẹ̀ tí irin tí ń ha ara wọn yóò fi kún un.

Ṣùgbọ́n agbára tí a jèrè yìí, àkókò ni a fi ń san án. Bí àgbá náà bá yí lẹ́ẹ̀kan, okùn tí yóò ká kò ju sẹ̀ǹtímítà 31 lọ. Kí a tó fa mítà 10 sókè, a ó ti yí ọwọ́ ẹ̀rọ ní ìgbà 32. Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ yóò yá ju ọwọ́ lásán lọ kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìyára ni ẹ̀rọ náà fi ń ran apẹja lọ́wọ́ bí kò ṣe agbára.

ÌSÀLẸ̀ OMI NI KÍ A KỌ́KỌ́ MỌ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ yan ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ọjà. Ìsàlẹ̀ omi ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ omi ni yóò sọ irú ìdákọ̀ró tí ó yẹ, ìdákọ̀ró ni yóò sì sọ irú ẹ̀rọ tí ó yẹ.

Nínú adágún tí ènìyàn fi ìdídò ṣe, ibi tí ó jẹ́ igbó, oko àti àpáta rí ni omi bò mọ́lẹ̀. Kùkùté igi lè wà níbẹ̀, òkúta lè wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ rírọ̀ tí odò gbé wá sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti mọ èyí ni pé kí a so irin wúwo kan mọ́ okùn, kí a fi ọ̀rá pa ìdí rẹ̀, kí a sì sọ ọ́ sílẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Bí a bá fà á sókè, iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ yóò ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà. Bí ọ̀rá bá jáde ní mímọ́ tí ó sì ní àmì ìkọlù, òkúta ni ó wà nísàlẹ̀. Okùn kan náà ni yóò sọ bí omi ṣe jìn tó.

Níbi tí iyanrìn tàbí amọ̀ bá wà, ìdákọ̀ró tí ó ní abẹ́ pẹlẹbẹ méjì ni ó dára jù, nítorí pé ó máa ń wọlẹ̀ bí ọkọ́. Níbi tí òkúta tàbí kùkùté bá wà, ìdákọ̀ró oníka mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó yẹ, nítorí pé ó máa ń há mọ́ wọn. Alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà ní ìlú bíi Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn lè fi ọ̀pá irin rọ irú èyí láìsí wàhálà púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ apẹja ni ó ń lo òkúta tí a fi okùn dì. Òkúta kò ní owó lórí, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù méjì. Èkínní ni pé omi a máa gba púpọ̀ nínú ìwúwo rẹ̀. Òkúta tí ó wúwo tó kílò 20 lórí ilẹ̀ kò ju bíi kílò 12 lọ nínú omi, nígbà tí irin tí ó wúwo tó kílò 20 yóò ṣì tó kílò 17. Èkejì ni pé òkúta kò ní ìka tí yóò fi di ilẹ̀ mú, nítorí náà atẹ́gùn tí ó bá le díẹ̀ a máa wọ́ ọ lọ. Ewu mìíràn tún wà. Òkúta tí ó fúyẹ́ bí a ti ń fà á bọ̀ nínú omi a máa wúwo lójijì nígbà tí ó bá yọrí síta. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti gbà á lè tipa bẹ́ẹ̀ dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé.

BÍ OKÙN ṢE YẸ KÓ GÙN TÓ

Okùn tí ó rọ̀ gbọnrangandan láti ọkọ̀ dé orí ìdákọ̀ró kò lè di ọkọ̀ mú. Ńṣe ni ìgbì yóò máa gbé ìdákọ̀ró kúrò nílẹ̀. Okùn gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ní ìbú ni ọkọ̀ ń fa ìdákọ̀ró, kì í ṣe ní òòró. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń so ẹ̀wọ̀n irin sáàárín okùn àti ìdákọ̀ró, kí ìwúwo ẹ̀wọ̀n náà lè tẹ orí ìdákọ̀ró sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí ó gùn tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré.

Òfin tí àwọn atukọ̀ ń tẹ̀lé ni pé kí a wọn jíjìn omi, kí a fi gíga iwájú ọkọ̀ láti ojú omi kún un, kí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún bí ojú ọjọ́ bá dára. Bí atẹ́gùn bá le, tàbí bí apẹja yóò bá sùn sójú omi, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po méje. Bí omi bá jìn ní mítà 6, tí iwájú ọkọ̀ sì ga ní mítà 1, mítà 7 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ jẹ́ mítà 35, ìlọ́po méje rẹ̀ sì jẹ́ mítà 49.

Kí a má ṣe gbàgbé pé omi adágún a máa fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa kún ní ìgbà òjò. Okùn tí ó tó ní oṣù kejì lè má tó mọ́ ní oṣù kẹsàn-án. Jíjìn omi nígbà tí ó bá kún jù ni kí a fi ṣe ìṣirò.

WÍWỌN ẸRÙ

Nígbà tí a bá ti mọ ìdákọ̀ró, ẹ̀wọ̀n àti okùn tí ó yẹ, ó kù kí a wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀wọ̀n tí irin rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 8 wúwo tó nǹkan bíi kílò 1.4 fún mítà kan, èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 10 sì tó nǹkan bíi kílò 2.3. Àpẹẹrẹ méjì nìyí.

Ọkọ̀ kìíní jẹ́ ọkọ̀ pákó tí ó gùn ní mítà 6, tí ènìyàn méjì ń fi àjẹ̀ tù. Ìdákọ̀ró rẹ̀ jẹ́ kílò 6. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ jẹ́ mítà 5 ti mìlímítà 8, èyí tí í ṣe kílò 7. Okùn rẹ̀ jẹ́ kílò 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 15.

Ọkọ̀ kejì jẹ́ ọkọ̀ pákó ńlá tí ó gùn ní mítà 10, tí ó ní ẹ́ńjìnnì ní ìdí, tí ó sì ń gbé àwọ̀n púpọ̀. Ìdákọ̀ró rẹ̀ jẹ́ kílò 20. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ jẹ́ mítà 15 ti mìlímítà 10, èyí tí ó fi díẹ̀ dín sí kílò 35. Okùn rẹ̀ jẹ́ kílò 4. Àpapọ̀ rẹ̀ súnmọ́ kílò 59.

Ìwọ̀n tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń lò ni pé kí ẹ̀rọ lè fa ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ ẹrù náà. Ìlọ́po mẹ́ta yìí kì í ṣe àṣejù. Ìdákọ̀ró tí ó ti wọ inú ẹrẹ̀ a máa le láti fà yọ ju ìgbà tí ó bá so rọ̀ lásán lọ, atẹ́gùn àti ìgbì a sì máa ti ọkọ̀ sẹ́yìn. Fún ọkọ̀ kìíní, ìlọ́po mẹ́ta kílò 15 jẹ́ kílò 45. Fún ọkọ̀ kejì, ìlọ́po mẹ́ta kílò 59 jẹ́ kílò 177.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ọkọ̀ kìíní ti hàn níhìn-ín. Ọkọ̀ náà kò nílò ẹ̀rọ rárá. Ohun tí ó nílò ni kẹ̀kẹ́ kékeré kan ní ẹnu iwájú ọkọ̀, tí okùn yóò máa gbà kọjá kí ó má baà ha pákó, àti òpó líle tí a lè so okùn mọ́. Ènìyàn méjì lè fi ọwọ́ fa kílò 15. Owó tí apẹja náà ìbá fi ra ẹ̀rọ, kí ó fi ra okùn tí ó dára àti ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó lójú omi.

ORÍṢI Ẹ̀RỌ TÍ Ó WÀ

Fún ọkọ̀ kejì, oríṣi méjì ni ó wà tí a lè gbé yẹ̀ wò.

Èkínní ni ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí, tàbí tí a ń fi ọ̀pá tì síwá sẹ́yìn. Kò nílò epo tàbí iná mànàmáná. Bí ó bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ lè tún ọ̀pọ̀ nínú ara rẹ̀ ṣe. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra, ó sì ń fẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì í.

Èkejì ni èyí tí ń lo bátìrì. Ó yá, kò sì rẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí. Ẹ̀rọ kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ 700 wáàtì, tí ó ń lo bátìrì oní-fóòtì 12, yóò fa iná tí ó tó 58 áńpíà ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Èyí pọ̀ púpọ̀. Ó ń fẹ́ bátìrì ńlá, ó ń fẹ́ wáyà tí ó nípọn, ó sì ń fẹ́ ohun tí yóò gé iná kúrò bí ẹrù bá pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń fi okùn fà kí ó tó ṣiṣẹ́ ni kò ní ohun tí ń fi iná kún bátìrì. Apẹja tí ó bá ra irú ẹ̀rọ yìí fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ yóò máa gbé bátìrì lọ sí ìlú láti lọ fi iná sí i. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú lójú omi, ọwọ́ lásán ni yóò fi fa kílò 59. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ ra ti bátìrì, kí a rí i pé ó ní ààyè tí a lè ki ọ̀pá bọ̀ láti fi ọwọ́ yí i.

Ní etíkun, níbi tí àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ègùn ti ń lo ọkọ̀ ńlá lórí òkun, ìdákọ̀ró lè wúwo ju èyí lọ. Iyọ̀ òkun sì ń jẹ irin kíákíá. Omi Ìkẹ́rẹ́ kò ní iyọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, irin lásán tí a fi ọ̀dà kùn, tí a sì ń fi gíríìsì pa déédéé, lè pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó dípẹtà. Kò sí ìdí tí apẹja Òkè-Ògùn yóò fi san owó ńlá lórí ohun tí a ṣe fún òkun.

Lẹ́yìn èyí, kí a wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ká. Àwọn kan ní àgbá dídán, okùn ni wọ́n ń fà. Àwọn mìíràn ní kẹ̀kẹ́ tí ó ní ihò tí òrùka ẹ̀wọ̀n ń jókòó sí. Kẹ̀kẹ́ tí a ṣe fún ẹ̀wọ̀n mìlímítà 8 kò lè di ẹ̀wọ̀n mìlímítà 10 mú. Yóò máa yọ̀ kúrò, ìdákọ̀ró yóò sì máa já bọ́ padà. Kí ẹni tí ń lọ sí ọjà mú gígùn díẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀ dání, kí ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ náà, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i wò kí ó tó sanwó.

IBI TÍ A Ó KÀN ÁN MỌ́

Ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ kò wúlò lórí pákó tí kò lágbára. Ìṣó kò lè di ẹ̀rọ ìfàdákọ̀ró mú. Bóòtù tí ó la pákó já ni kí a lò, kí a sì fi pákó líle mìíràn tàbí irin pẹlẹbẹ tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí a tó dè é. Kí a bi ẹni tí ó kan ọkọ̀ náà bóyá iwájú rẹ̀ lè gbé ìwúwo ẹ̀rọ, ẹ̀wọ̀n àti ènìyàn kan pọ̀. A lè dán èyí wò ní èbúté: kí ènìyàn méjì lọ dúró ní iwájú ọkọ̀, kí àwọn mìíràn sì wo bí omi ṣe súnmọ́ etí ọkọ̀ tó. Bí iwájú ọkọ̀ bá rì púpọ̀, ẹ̀rọ náà kò yẹ fún un.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹ̀rọ náà wà fún fífà nìkan ni. Kò wà fún dídi ọkọ̀ mú. Nígbà tí ìdákọ̀ró bá ti wọlẹ̀, kí a tú okùn kúrò lórí ẹ̀rọ, kí a sì so ó mọ́ òpó líle tí ó wà ní iwájú ọkọ̀, kí ó lè jẹ́ pé òpó ni yóò gba gbogbo agbára ìgbì. Apẹja tí ó bá fi okùn sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ní òru, eyín ìdènà kékeré nì ni ó gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Bákan náà, kí a má ṣe fi ẹ̀rọ wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìdákọ̀ró. Àjẹ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì ni kí a fi tu ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé òkè ìdákọ̀ró, kí a máa ká okùn tí ó dẹ̀. Bí ìdákọ̀ró bá há, kí a so okùn mọ́ òpó, kí a sì tu ọkọ̀ kọjá rẹ̀ díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò yọ. Níbi tí kùkùté bá pọ̀, ọgbọ́n kan tún wà. Kí a so ẹ̀wọ̀n mọ́ ìdí ìdákọ̀ró, kí a wá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì í mọ́ orí rẹ̀. Bí ó bá há pátápátá, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò já, ìdí ìdákọ̀ró ni yóò sì kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sun orí omi pẹ̀lú irú ìdì bẹ́ẹ̀, kí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà má baà já nígbà tí a kò fẹ́.

EWU TÍ Ó YẸ KÍ A YẸRA FÚN

Ìjì tí ó máa ń jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ìgbà òjò sábà máa ń ti ìhà ìlà-oòrùn wá, kì í sì í fún ènìyàn ní àkókò púpọ̀. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ibi tí okùn wà ni yóò sọ bóyá apẹja yóò délé.

Èkínní, iwájú ọkọ̀ ni kí a máa so ìdákọ̀ró mọ́. A kò gbọdọ̀ so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ nìkan. Iwájú ọkọ̀ ga, ó sì mú ṣóńṣó, ó ń la ìgbì kọjá. Ìdí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì àti ènìyàn jókòó sí ti rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí okùn bá tún fà á sílẹ̀, ìgbì kan tàbí méjì tó láti kún ọkọ̀ náà.

Èkejì, kí a má ṣe fa ìdákọ̀ró tí ó há láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ kékeré kì í pẹ́ dojú dé láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀bẹ mímú wà nítòsí òpó ìsokùn nígbà gbogbo. Bí ìjì bá dé tí ìdákọ̀ró kò yọ, kí a gé okùn. A lè ra ìdákọ̀ró mìíràn. A kò lè ra ènìyàn.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ń yí ẹ̀rọ má ṣe wọ agbádá tàbí aṣọ tí ó ní apá gbọọrọ, kí ó má sì ṣe fi ìka tọ́ okùn tí ó ń ká lọ. Kí àwọn ọmọdé jìnnà sí i.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe ju ìdákọ̀ró sí ìtòsí ibi tí omi ti ń jáde láti ara ìdídò.

BÍ A BÁ FẸ́ RÀ Á PỌ̀

Níbi tí àwọn apẹja bá ti ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó dára kí wọ́n jùmọ̀ ṣe ìṣirò wọn kí wọ́n tó yá owó. Kí wọ́n kọ gígùn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti ìwúwo ìdákọ̀ró, ẹ̀wọ̀n àti okùn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i pé nínú ọkọ̀ mẹ́wàá, méjì péré ni ó nílò ẹ̀rọ. Owó tí ó bá ṣẹ́kù lè ra okùn àti ẹ̀wọ̀n fún àwọn yòókù.

Bí wọ́n bá dé ọjà, kí wọ́n yẹ nǹkan mẹ́rin wò: bóyá eyín ìdènà ń wọlé dáadáa tí kò sì jẹ, bóyá agbára tí a kọ sí ara ẹ̀rọ tó ìlọ́po mẹ́ta ẹrù, bóyá àgbá tàbí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá okùn tàbí ẹ̀wọ̀n wọn mu, àti bóyá a lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ mìíràn rà bí èyí tí ó wà lára rẹ̀ bá bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí kò bá yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Ní kúkúrú, ìsàlẹ̀ omi ni ó ń yan ìdákọ̀ró, ìdákọ̀ró ni ó ń yan ẹ̀rọ, ọkọ̀ sì ni yóò sọ bóyá òun lè gbé e. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ètò yìí kò ní fi owó ṣòfò, yóò sì tún ní ohun tí yóò dì í mú nígbà tí atẹ́gùn bá dé.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìdí rẹ̀ tí òkúta fi fúyẹ́ nínú omi, tí ó sì wúwo nígbà tí ó bá jáde? Ewu wo ni ó wà nínú èyí fún ẹni tí ń fà á?

2. Omi jìn ní mítà 8, iwájú ọkọ̀ sì ga ní mítà 1. Okùn mélòó ni apẹja yóò tú sílẹ̀ bí ó bá fẹ́ sun orí omi?

3. Ìdákọ̀ró, ẹ̀wọ̀n àti okùn ọkọ̀ kan jẹ́ kílò 40 lápapọ̀. Agbára mélòó ni ó yẹ kí ẹ̀rọ rẹ̀ ní?

4. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi okùn sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ nígbà tí ọkọ̀ bá ti dúró?

Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ni mítà 63. Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta ni kílò 120. Àwọn ìdáhùn yòókù wà nínú ẹ̀kọ́ yìí.